Èmi Fúnra Mi Ni N Ó Wa Màṣíìnì Dé Kùmásí

Ìdómọwọ́,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Oṣù Kejì, 1988.

Olúyọmí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ọyẹ́ Kàdúná kò tíì gé yín létè tán? Ìyàwó rẹ àti ọmọ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí àlàáfíà fi ilé yín ṣe ibùjókòó. Ara tèmi le, ó le ju bí ẹ ti rò lọ.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní kí ni ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ń wá lórí màṣíìnì láti Ìjẹ̀bú dé Gánà. Ta ló ń gun màṣíìnì lọ gbẹ̀bí ní Ìbẹ̀fun nínú òjò nígbà tí o wà níléèwé? Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ní obìnrin kì í gùn ún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Bùọ̀dá Adébóyè, pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí ní Sátidé. Wọ́n ní, "Susannah, opó kì í rin irú ìrìn yìí." Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ màṣíìnì lórí tábìlì, ó di inú àpò agbádá wọn. Mi ò jà. Mo kúnlẹ̀, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni mo ti màṣíìnì náà dé ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù mẹkáníìkì lójú gbogbo àdúgbò. Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín rín in. Mọ́rúfù yọ ojú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Mo gba iwájú ilé Bùọ̀dá Adébóyè padà, mo sì tẹ họ́ọ̀nù kí wọn.

O ní kí ló dé tí n kò wọ mọ́tò. Gbọ́. Lọ́dún 1969 tí wọ́n lé wa ní Gánà, inú lọ́rì ni wọ́n kó wa sí bí ẹrù, ìwọ lórí itan mi. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè wọn kò tíì gbẹ. Mo bẹ dírẹ́bà pé kó jẹ́ kí n yà níbẹ̀ dágbére. Ó ní òun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo wo apá ibi tí sàréè náà wà títí tí n kò fi rí i mọ́. Bí mo bá máa padà lọ sídìí sàréè wọn ní Kùmásí, kò ní sí dírẹ́bà tí yóò pàṣẹ ìgbà tí n ó sọ̀kalẹ̀ fún mi.

Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Bodè Ìdí-Ìrókò ni n ó gbà. Títí dé Àjàṣẹ́, Yorùbá ni n ó fi bèèrè ọ̀nà. Ní Lómè, n ó fi ọwọ́ júwe. Bí mo bá wọ Gánà, Twi tí mo fi ṣeré ọmọdé ṣì wà lẹ́nu mi. Mọ́rúfù ti kọ́ mi bí a ṣe ń lẹ táyà, n kò sì ní rìn lóru.

Nítorí náà, ìdágbére ni mo ń ṣe, n kò tọrọ àyè. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni n ó gbéra. Bínú bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbàdúrà fún mi.

Ọlọ́run yóò bá ọ tọ́ ọmọ rẹ. Ìwọ náà yóò dàgbà, ọmọ rẹ kò sì ní dí ọ lọ́nà.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Susannah.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ìyáálé mi Mọ́ṣádé, ìyàwó Bùọ̀dá Adébóyè gan-an, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá lánàá. Wọ́n ní àbúrò wọn Rachel wà ní Lómè, àwọn kò sì tíì fojú kàn án láti ìgbà tó ti lọ́kọ. Wọ́n bi mí bóyá àyè wà lẹ́yìn màṣíìnì. Mo ní kí wọ́n máa di ẹrù, kó má ṣáà wúwo. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o.