Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ilé Ìwòsàn Wa

                                        Ilé Àwọn Awakọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a sì fẹ́ra wa kù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn bí adájọ́? Ara èmi náà le. Ìyàwó mi ń kí yín, iṣẹ́ aṣọ rírán ò jẹ́ kó ráyè sinmi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹni tó sọ fún yín pé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ti fi tirẹ̀ kún un. Wọn ò lé mi. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé mi ni, ìyàtọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ni mò ń wà. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń kú lójú ọ̀nà. Kì í wúkọ́ kó tó kú, kì í rú èéfín. A ó kàn máa lọ jẹ́jẹ́, gbogbo iná iwájú mi á tàn lẹ́ẹ̀kan náà, sítíárìn á le gbagidi lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ á sì dákẹ́. Nígbà mìíràn, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́, á dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà mìíràn, ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, kó má sì ṣe é mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mẹkáníìkì wa, tí a ń pè ní Kíákíá, pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo. Ọkọ̀ tún kú. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti bátìrì. Ọkọ̀ tún kú. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá wà á yí ọgbà ilé ìwòsàn po, geere ló ń lọ. Ló bá sọ fún Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, pé ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló wúwo. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Obìnrin kan tó ń rọbí ni mo gbé, ọmọ dábùú nínú rẹ̀, à ń gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá. Bí a ṣe kọjá lórí ojú irin tó gba àárín títì, ọkọ̀ kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì ń wo aago. Obìnrin náà ò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi mí pé, “Bàbá, ṣé a ti dé ni?” Mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko la lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dáhùn. A padà dé ilé ìwòsàn ńlá náà, ìyá yè, ọmọ yè.

Lọ́jọ́ kejì, Mátírọ́ọ̀nù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì wá awakọ̀ mìíràn. Mo fọwọ́ sọ̀yà níwájú rẹ̀ pé ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi, kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, ó ní ó dáa.

Mo wa ọkọ̀ lọ bá obìnrin kan tó jẹ́ pé iná ọkọ̀ nìkan ló ń tún ṣe. Ìyá Oníná ni wọ́n ń pè é. Kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó ní kí n jókòó, kí n ro gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti kú rí. Mo rántí méje. Bí mo ṣe ń kà wọ́n ni ojú mi ń là: ojú irin, kòtò iwájú ibi tí wọ́n ti ń la pákó, gegele tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́. Kò kú rí lójú títì tó dán. Ọgbà tí Kíákíá ń wà á yí po sì dán bí àwo. Ìyá Oníná ní, “Ẹ́ńjìnnì yín ò ṣe nǹkan kan. Wáyà kan ló ń jáwọ́ lára èkejì bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n.”

Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gbọn àwọn orí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn oníke kéékèèké tí wáyà fi ń kọ́ mọ́ra wọn. Ọjọ́ kìíní lọ, ẹ́ńjìnnì ò kú. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò kú. Ó wá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ò tíì gbóná tó bó ṣe máa ń gbóná lójú ọ̀nà. A wà á jáde fún wákàtí kan, a padà dé. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, nítòsí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà, ó fi ìka méjì gbọn orí wáyà kan. Ẹ́ńjìnnì kú fin. Mo tan án, ó tún gbọ̀n ọ́n, ó tún kú. Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà kẹta, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó fa orí wáyà náà yọ. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo irin inú rẹ̀, ọ̀kan ti sún sẹ́yìn, ṣónṣó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń kan èkejì. Wáyà yẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Bó bá já fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ti dúró, á sì pa epo àti iná rẹ̀. A rí méjì mìíràn tó ti ń dà bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá Oníná ti bi mí pé ta ló ń fi omi ẹ̀rọ alágbára fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Gbogbo Sátidé, fún odindi ọdún kan, tí mo ń fi ìmọ́tótó yangàn. Omi ti ya rọ́bà tó ń dáàbò bo àwọn orí wáyà, ó sì wọlé. Ìyá Oníná pààrọ̀ ọ̀kan, ó nu méjì, ó fi rọ́bà tuntun sí gbogbo wọn, ó sì so wáyà náà kí ó má máa jù fìrìfìrì mọ́.

Mo lè sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé wáyà ló bàjẹ́, kí n sì dákẹ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Àmọ́ mo rántí obìnrin tó ń rọbí yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Mátírọ́ọ̀nù ní, “Ẹ ò ní fi omi fọ̀ ọ́ mọ́.” Mo ní mi ò ní fọ̀ ọ́ mọ́. Ló bá dìde, ó wọ iwájú ọkọ̀, ó ní kí n gbé òun gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ọ̀nà tó burú jù ní gbogbo agbègbè wa. A lọ, a bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fi ọwọ́ kan di fìlà rẹ̀ mú, ó fi èkejì di ilẹ̀kùn mú. Ẹ́ńjìnnì ò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí a padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, “Aláìsàn kan ń dúró dè yín ní wọ́ọ̀dù kejì.”

Kíákíá náà wá wo orí wáyà tí a yọ náà. Ó yí i lọ́wọ́ títí, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mú un lọ. Mo fún un.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti ń kan fèrèsé mi, wọ́n ti gbé ẹnì kan sínú ọkọ̀. Mo ń lọ.

Àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Dírẹ́bà.