Mo Ti Yọ̀ǹda Rafíù

Bàbá mi ọ̀wọ́n, àgbẹ̀ Kambolé,

Kí Ọlọ́run Ọba fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé. Àwọn tó lo ọdún mẹ́wàá ló ń wá bá mi gbaṣẹ́ báyìí. Kàmíọ̀n mẹ́ta ni mo ní, gbogbo wọn ló ń kó iṣu láti Tchamba lọ sí Lomé, kò sì sí ẹni tó ń ta iṣu ní Sokodé tí kò mọ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, Bàbá. Ta ni mo tún fẹ́ fọ́nnu fún tí inú rẹ̀ máa dùn bíi tiyín?

Mo tún ti dá ẹgbẹ́ eré kan sílẹ̀. Eré náà kò tíì dé Kambolé nígbà ayé yín. Bọ́ọ̀lù ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, wọ́n á sì máa jù ú sínú àwọ̀n tí wọ́n so sókè. Básíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn márùn-ún ló ń wà lójú pápá. Àwọn tó kù á jókòó sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa dúró de ìgbà tó bá rẹ ẹnìkan. Èmi ni mo ń san owó oṣù gbogbo wọn. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín: àgbà tó ń sanwó fún àwọn géńdé kí wọ́n lè máa ṣeré.

Lọ́dún yìí, àwọn orí àga gígùn yẹn ló kó bá wa. Tó bá ti rẹ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé gba pápá lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń fi kọ́ ijó tí wọ́n máa fi pàdé Ààrẹ, a jókòó sí gàráàjì Súlè ọ̀rẹ́ mi tó ń tún mọ́tò ṣe. Àwa mẹ́ta ni: èmi, Súlè, àti tíṣà tó ń kọ́ ẹgbẹ́ mi ní eré, ọmọ Kotokólì tí gbogbo wa ń pè ní Mùsíé.

Mùsíé ní, “Òmìrán kan wà nínú ẹgbẹ́ Atakpamé. Bó bá nàró, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọ̀n. Wọ́n á fún wa, bí a bá fún wọn ní Rafíù.”

Ọmọ Kambolé wa ni Rafíù, ó kúrú, ara rẹ̀ sì yá bí ológbò. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń jókòó lórí àga yẹn, torí kì í tètè rẹ ẹni tó wà ní ipò rẹ̀.

Súlè ní, “Kí la fẹ́ fi òmìrán ṣe? Ṣé iṣu ló fẹ́ bá Aláájì kó sọ́kọ̀ ni?”

Mùsíé dá a lóhùn, “Súlè, ìwọ tún mọ́tò rẹ ṣe, jẹ́ kí n tún ẹgbẹ́ mi ṣe.”

“Mọ́tò tí mo tún ṣe ń rìn. Ẹgbẹ́ tìẹ ńkọ́?”

Ká má purọ́, òmìrán yẹn wù mí. Kí n tó fojú rí i, mo ti ròyìn rẹ̀ káàkiri ọjà Tchamba. Mo wá wọkọ̀ lọ sí Atakpamé lọ wò ó. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà àáró, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò bá wá bá wa kọ ebè? Ẹ kì í wo ẹni tó wà lẹ́nu ebè. Ẹni tó lọ sinmi lábẹ́ igi lẹ máa ń wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá kúrò lára iṣẹ́ lẹ máa ń pè pé kó dìde. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Eré ń lọ lójú pápá, òmìrán wà lórí àga gígùn tiwọn, ó fi táwẹ́lì bojú, ó ń sùn. Nígbà tó jí, ó bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ta ló ń borí.

Mo padà sílé, mo ní a ò ṣe pààrọ̀ kankan mọ́. Ní Tchamba, àwọn obìnrin oníṣu fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Aláájì, òmìrán yín dà? Àbí kàmíọ̀n ò gbà á?” Mo gbé e mì. Mo ránṣẹ́ pe Rafíù kí n fún un ní ìròyìn ayọ̀ pé kò lọ mọ́, mo rò pé á dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Bàbá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n lọ.”

“Lọ síbo? Ṣé mi ò sanwó fún ọ ni?”

“Ẹ ń sanwó, Bàbá. Ẹ ń sanwó kí n lè máa jókòó. Ìyá mi ló ń bá mi fọ aṣọ eré. Ó ti bi mí pé kí ló dé tí kì í ní òógùn.”

Inú bí mi, mo lé e jáde. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kírun làásárì, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Àwa àgbà mẹ́ta jókòó, a ń pín ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi í pé kí ló fẹ́.

Bàbá, mo máa ń sọ fáyé pé ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́, pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi kúrò ní Kambolé. Èmi àtẹ̀yin la mọ̀ pé irọ́ ni. Ìgbà ebè ni mo ní mo fẹ́ lọ sí Sokodé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró ti wá kọ ebè tiwa tán, ó ku kí èmi náà lọ sí oko tiwọn. Ẹ ò bi mí pé ta ló máa rọ́pò mi. Ẹ kàn ní kí n máa lọ. Nígbà tí mo wá ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀, Ìyá sọ fún mi pé oko ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣe tiyín, ẹ tún ṣe tèmi. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ yín bó ṣe bó, mo sì dákẹ́. Kí ló pa mí lẹ́nu mọ́? Bóyá mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá dúpẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe èmi nìkan ló sọ ara mi dèèyàn.

Mo dúpẹ́ lónìí, Bàbá. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fi Rafíù sí iwájú kàmíọ̀n tó ń lọ sí Lomé, kí dẹ́rẹ́bà já a sí Atakpamé. Mi ò gba òmìrán. Mùsíé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Aláájì, kí la gbà dípò rẹ̀?”

“A ò gba nǹkan kan.”

“Irú pààrọ̀ wo nìyẹn?”

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un. Ká ní ẹ ṣì wà ní Kambolé ni, ǹ bá ní kó lọ bi yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ yọ̀ǹda.