Ìjánu Tó Wọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó rẹ̀ mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé n kì í lè fi nǹkan pamọ́ fún yín. Láti ìgbà tí ìjọba ti sọ iléèwé di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ kún kíláàsì mi débi pé àwọn kan ń jókòó lójú fèrèsé. Bí mo bá pariwo mọ́ wọn tán, Màmá ń retí mi nílé, Kílì náà ń retí mi. Ọ̀rọ̀ Kílì gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Ẹṣin kúkurú yín yìí kọ ìjánu lẹ́yìn tí ẹ lọ. Bí Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì bá ti gùn ún, tó sì fa okùn, ńṣe ni yóò gbé orí sókè, tí yóò la ẹnu gbàgà, tí yóò máa fi ẹ̀yìn rìn. Lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ gbá Ràṣídì nímú, ẹ̀jẹ̀ bo búbá rẹ̀. Nígbà tó tún padà wá, ó so okùn láti imú Kílì mọ́ okùn abẹ́ ikùn rẹ̀, kí orí náà lè wálẹ̀ tipátipá. Kílì fi ìbínú nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, òun àti Ràṣídì sì ṣubú lu èlùbọ́ tí Màmá sá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ Màmá ti ń sunkún.

Ẹ má bínú sí Ràṣídì. Láti Ìbàdàn ló ti ń wọkọ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé ilé wa ló ń gẹṣin ṣíwájú Lèmọ́mù lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò ti dópin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó pinnu pé bí Kílì kò bá gbọ́ràn kí Iléyá tó dé, òun máa tà á, ta ni yóò sì ra ẹṣin tí kò ṣeé gùn bí kò ṣe àwọn tó ń pa á tà?

Mo fi oyin pa irin ìjánu náà. Mo fi aṣọ wé e. Mo dẹ okùn rẹ̀. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀yin bá ń gun Kílì, ńṣe ló máa ń tẹrí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Kí lẹ ń ṣe tí àwa kò rí? Ohun tí mo rántí ni pé ẹ máa ń ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lápá òsì kí ẹ tó gùn ún, tí ẹ ó wá fi ìka náà nu ṣòkòtò, tí Màmá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nítorí aṣọ fífọ̀.

Nígbà tó di Sátidé, èmi náà ti ìka bọ ibẹ̀. Kílì gbọ̀n. Mo la ẹnu rẹ̀ wò: eyín kan ti kán níbẹ̀ tipẹ́, ìyókù rẹ̀ mú ṣóńṣó, ibẹ̀ gan-an ni irin ń gbá, erìgì ìdí rẹ̀ sì ti pọ́n. Mo jókòó sórí odó, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ìjánu yín wọ́ nígbà ayé yín. A rò pé ogbó ló mú un wọ́, àṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ kó má baà gbá eyín náà. Nígbà tí a ṣàdúrà ogójì ọjọ́ yín tán, Ràṣídì kó gbogbo ẹrù ẹṣin yín lọ fún àtúnṣe, kó lè fi bọ̀wọ̀ fún yín. Wọ́n fi awọ tuntun bo gàárì. Alágbẹ̀dẹ lu irin ìjánu náà títí ó fi tọ́, tó ń dán. Gbogbo wa là ń yìn ín. Èmi gan-an ṣàdúrà fún un. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, Bàbá.

Báwo wá ni ó ṣe wọ́ tẹ́lẹ̀? Mo dijú, n kò rí i. Alágbẹ̀dẹ kò rántí. Nígbà tí Màmá ní ká kun yàrá yín nítorí Iléyá, a sún àpótí yín kúrò lẹ́bàá ògiri, mo sì rí àpá rẹ̀ lábẹ́ ìṣó tí ẹ ń fi ìjánu kọ́. Ìpẹtà irin ti ya ara rẹ̀ sára ògiri láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òrùka rẹ̀ àti ibi tó ti wọ́. Mo gba ọ̀dà lọ́wọ́ Màmá. Mo tẹ wáyà kan bá ojú àpá náà, mo sì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó fi tẹ irin ìjánu náà padà.

Àná ni Iléyá. Kílì jẹ irin náà lẹ́nu díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹrí ba. Ràṣídì ṣíwájú Lèmọ́mù. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Gbogbo ìlú ló ń kí Ràṣídì pé ó mọ ẹṣin tọ́, inú rẹ̀ sì dùn bí mi ò ṣe rí i rí láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó gbà pé okùn tí òun so ló kọ́ Kílì lọ́gbọ́n. 

Ṣùgbọ́n Bàbá, ta ló kán eyín náà? Mo rántí ọdún tí Ràṣídì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó fi Kílì sáré lọ sódò láìgba àṣẹ, tí àwọn méjèèjì sì ṣubú lórí àpáta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjánu bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ṣé torí Ràṣídì lẹ ṣe dákẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ẹ kàn ń ti ìka bọ ẹnu ẹṣin?

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sùn re. Èmi náà ti dákẹ́. A kun yàrá yín, ṣùgbọ́n a fi ibi àpá yẹn sílẹ̀, mo sì ti fi ìjánu kọ́ síbẹ̀ padà.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ń ṣàárò yín gidi gan-an.