Apollonia Werth, Ẹni Tó Wá Omi Dídùn fún Marienfeld Lábẹ́ Òkúta

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1924, nígbà tí yìnyín bo gbogbo oko àlìkámà Marienfeld ní ìwọ̀-oòrùn Kansas, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Apollonia Werth, sínú ìdílé Ignaz àti Sabina Gabelmann. Ìran Jámánì tó ti etí odò Volga ní Rọ́ṣíà ṣí wá ni wọ́n. Òkúta ni Bàbá Ignaz ń gbẹ́. Púpọ̀ nínú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí a jókòó sí yìí, ọwọ́ wọn ló ti jáde.

Ní ọdún 1933, bí ìyá wa ṣe gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá bàbá wọn, wọ́n rí eyín ẹja ńlá kan nínú òkúta ẹfun tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀, òkun jìnnà sí wa púpọ̀.

"Bàbá, ta ló gbé ẹja wá síbí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Òkúta ni wọ́n ní kí n là, wọn ò ní kí n bi í léèrè ìran bàbá ẹ̀. Tó o bá dàgbà, kó o lọ bi í fúnra ẹ."

Ìyá wa gba àwàdà yìí bí iṣẹ́ tí a rán wọn. Ní ọdún 1942, wọ́n wọ yunifásítì ìpínlẹ̀, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn tó ń kọ́ nípa òkúta. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé òkun ti bo àárín ilẹ̀ wa rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Yanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarahun tí òkun náà ń fi sílẹ̀ ló dì di òkúta, ìpele lórí ìpele.

Ní ọdún 1948, wọ́n fẹ́ Florian Werth, àgbẹ̀ àlìkámà, ẹni tó gbé òkúta wá tọrọ wọn dípò òdòdó. Ìyá wa ní, "Florian, òkúta yìí ò já mọ́ nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó gbé e wá wù mí."

Nígbà ọ̀dá ọdún 1956, gbogbo kànga ìlú gbẹ. Àwọn ìdílé ti ń di ẹrù. Olórí ìlú, Balthasar Urban, bẹ ìyá wa kí wọ́n fi ibi tí a ó gbẹ́ hàn. Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga gba inú òkúta ẹfun kọjá, ó gba inú òkúta amọ̀ dúdú, ó dé inú òkúta yanrìn. Omi tú jáde, ìlú hó yèè! Balthasar bu u mu, ó sì tu ú dànù.

"Iyọ̀! Iyọ̀ gidi!"

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Apollonia, òkun tó ò ń wá láti kékeré rèé o. Wá mu ún!"

Ìyá wa sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò sá. Wọ́n dìde níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣì í. Òkúta ò jẹ̀bi." Wọ́n ti wá rí i pé lábẹ́ ìlú, òkúta yanrìn náà jìn jù, òjò kò ráyè ṣan iyọ̀ àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, àwọn àti Florian ń rin àfonífojì ìhà gúúsù, títí wọ́n fi rí ibi tí òkúta kan náà ti yọrí sókè, tí òjò ti lè wọ inú rẹ̀ kó ṣan iyọ̀ náà lọ.

Balthasar béèrè pé, "Tí eléyìí náà bá níyọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni màá kọ́kọ́ mu ún. Tó bá níyọ̀, èmi náà ni màá kọ́kọ́ kó kúrò nílùú."

Ní ìgbà ìrúwé, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, omi sì jáde. Ìyá wa mu ife kan tán. Wọ́n bu òmíràn fún Balthasar. Ó mu ún tán, ó ṣí fìlà.

"Apollonia, jọ̀ọ́, bu sí i fún mi."

Ọ̀pọ̀ ìdílé tú ẹrù wọn lọ́sẹ̀ náà.

Olùjọ́sìn tòótọ́ ni wọ́n, wọ́n sì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí ohùn wọn fi rẹ̀. Nígbà tí Fàdá Kilian ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ òkun àtijọ́ lè ba ìgbàgbọ́ àwọn ọmọdé jẹ́, wọ́n dáhùn pé, "Fàdá, Ọlọ́run náà ló dá a. Ohun tí mò ń sọ ò ju pé kò kánjú."

Bàbá wa, Florian, ṣáájú wọn lọ ní 1999. Ìyá wa náà dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2011. Wọ́n fi Rosina, Leander àti Cordula sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àtọmọdọ́mọ.

Ìyá rere, ẹ sinmi wọ̀ọ̀. Kí Ẹlẹ́dàá tí kì í kánjú gbà yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.