Òmùwẹ̀ Kejì

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Láàárọ̀, Ọ̀gá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wa ní kí n yọ ọ̀kan nínú Múfú àti Sàlámì, àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣọ́ àlejò létí òkun, kúrò nínú ètò owó-oṣù ọdún tó ń bọ̀ tí mò ń kọ. “Ẹnì kan ti tó, Bísí.”

Lọ́sàn-án, Múfú ṣì ń fa ọkùnrin kan tó ń rì bọ̀ létí òkun nígbà tí ìgbì gbé ọmọbìnrin kékeré kan lọ. Sàlámì ló bẹ́ sómi, tó gbé e jáde láàyè.

Òmùwẹ̀ méjì ni mo kọ sínú ètò náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Akọ̀wé tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún méjì pé kí wọ́n gbà wá ràn mí lọ́wọ́ ni mo yọ dípò.

Ọ̀gá pè mí. “Ta ló máa wá ràn ẹ́ lọ́wọ́?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ n máa dá a ṣe, sà.”

Wọ́n ní ó dáa.