Iná Tó Kú Lójú Irin

Abúlé Onírèké, ẹ̀bá Ìlọrin,
Oṣù Kọkànlá, 1974.

Salahudeen ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé ọkọ̀ tí ò ń wà kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà, à ń dúpẹ́. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì.

Nínú lẹ́tà tí o kọ ṣáájú ààwẹ̀, o ní iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta kan l'Ékòó kú, pé kálukú ń wo ojú ẹnìkejì, wọ́n sì ń rọra kọjá. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, ni mo bá gbé e tọ Àhmádù lọ, ẹni tó ń tan àtùpà ojú irin ní téṣàn wa. O mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gun òpó lọ bu kẹrosíìnì sí i. Mo bi í pé irú èèyàn wo ni wọ́n gbà síṣẹ́ yìí l'Ékòó tó ń jẹ́ kí epo tán nínú àtùpà. Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn, bóyá torí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, kò fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ìwọ ṣáà máa gbé ìgò kẹrosíìnì kan àti ìṣáná sínú ọkọ̀.

Àhmádù ní ní ti rélùwéè, iná tó bá kú, iná pupa ni wọ́n ń kà á sí. Dírẹ́bà gbọ́dọ̀ dúró, kó fọn fèrè, kó máa retí ẹni tí téṣàn máa fi ìwé àṣẹ rán. Mo sì fojú ara mi rí i. Afẹ́fẹ́ òjò pa àtùpà náà, rélùwéè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ mi, àwọn èrò ń bú dírẹ́bà pé ṣé kò rí i pé kò sí nǹkan kan níwájú ni. Ó ṣáà ń fọn fèrè. Ìyá rẹ gbé ẹ̀pà sísè lọ síbẹ̀, ó tà á tán. Ìgbà tí Àhmádù mú ìwé dé ni wọ́n tó ṣí. Ó ní ọkọ̀ títì lè tètè dúró, ṣùgbọ́n kí rélùwéè tó dúró, ó ti pa ohun tó fẹ́ pa, ìdí nìyẹn tí òfin wọn kò fi dọ́gba.

Ó yé mi, mo bá lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí Abdulganiyu, àfẹ́sọ́nà Àdùnní, wá ní ọjọ́ Jímọ̀ láti mú ọjọ́ yìgì àbúrò rẹ náà. Ìyá rẹ ní kò sí ọjọ́ kankan láti mú. Ó ní láti ṣáájú ààwẹ̀ a ò gbúròó rẹ, iná rẹ ti kú, òun ò sì ní kọjá. Mo ní ká ṣe bí ará Èkó, ká rọra máa lọ, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Ó wò mí, ó ní tí òun bá kọjá, tó wá jẹ́ pé ewu ló wà níwájú ńkọ́. Àwọn àlejò jẹ obì tán, wọ́n lọ. Àdùnní ń sunkún, èmi náà ò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́.

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, ká fi ra páànù tún òrùlé ṣe kí àlejò yìgì tó dé. Tí kò bá sí, má dúró de owó, ìlà kan ṣoṣo tó fún wa. Àhmádù ní òun fúnra òun lòun máa gbé lẹ́tà rẹ wá fún wa tó bá ti dé téṣàn. Ìyá rẹ ti gbé àpótí lọ sẹ́bàá ojú irin, ibẹ̀ ló ń jókòó sí nígbàkígbà tí rélùwéè Èkó bá ń bọ̀. Kì í gbé ẹ̀pà dání mọ́.

Ọlọ́run á fi ojú rẹ hàn wá láyọ̀. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Yísà.