Ìwé Tí Màmá Gbé Kọ́ Ara Ògiri

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyàwó mi kí yín. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Mo tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìpele kejì ti àwọn alábòójútó iṣẹ́, ìgbà kẹta rèé. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń darí ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ wa ní ẹni tí kò bá ní ìpele kejì ò gbọdọ̀ darí ohunkóhun mọ́. Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ló ń rán mi níṣẹ́ báyìí.

Ìwé tí Màmá gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, ti ìpele kìíní ni. Igbákejì alábòójútó ni wọ́n ń fún nírú ẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rò pé òun ló ga jù. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ń nù ún, wọ́n ní, "Ọmọ mi ti dé òkè."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹnu mi ò gbà á. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì yín bó ṣe tì mí.

Àbúrò yín tó ṣì wà nísàlẹ̀.